Ìpè Kẹta ní Àdúgbò Aláwọ̀n

Omi ti mu Ìbídùn dé kókósẹ̀ nígbà tí Agbóhùn bẹ̀rẹ̀ ìpè kejì.

"Orímisàn Jùlíánà, dáhùn. Omitóògùn Sáká, dáhùn. Ayélàágbé Pírísílà, dáhùn."

Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Agbóhùn yìí kò ju igbá ìmumi lọ. Ó rọ̀ sójú òfuurufú lórí abẹ̀bẹ̀ kéékèèké mẹ́rin, ó kọjú sí Àdúgbò Aláwọ̀n tí òkun ti ń ya wọ̀ láti ìdájí, ó sì ń ka orúkọ àwọn àgbàlagbà mọ́kànlá tí kò tíì jáde níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí Màmá, kò sí Bàbá, kò sí ẹ jọ̀ọ́. Ohùn rẹ̀ bo ti òkun mọ́lẹ̀. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó dákẹ́, ó fetí sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn.

"Ìpè kejì parí," ni ohùn kan náà wí, jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, nínú ẹ̀rọ kékeré tó wà létí Ìbídùn. "Kò sí alààyè tó dáhùn. Akẹ́kọ̀ọ́ méjèèjì, ẹ múra sílẹ̀ fún ìlẹ̀kùn. Ìbídùn Ṣówándé, ibi tí kò yẹ lò ń wò. Mo ti yọ máàkì kan."

Ìbídùn ò tilẹ̀ gbọ́ ti máàkì. Òpó irin tó gbé ìlẹ̀kùn ró ló ń wò. Ìlẹ̀kùn ọ̀hún ga tó ilé alájà méjì, ó dúró láàrin Àdúgbò Aláwọ̀n àti Ọjà-Òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n fa ilà pupa kan sára òpó náà, omi sì ti ń gùn ún bọ̀.

"Ó ku ìbú ọwọ́ mẹ́ta," ni Ọláìtán wí. "Bí omi bá fi lè fọwọ́ kan ilà yẹn, Ìbídùn, ẹ̀rọ tó ń ti ìlẹ̀kùn ò ní lè tì í mọ́. Kò ní jẹ́ Àdúgbò Aláwọ̀n nìkan ló máa lọ. Ọjà-Òkè á lọ, ilé-ẹ̀kọ́ wa á tẹ̀ lé e."

Ọmọ Ìkirè ni Ọláìtán, géńdé gàgàrà kan tí kò fojú kan òkun rí títí wọ́n fi mú un wá sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Adóòlà ní Ayédùn. Ní oṣù tó kọ́kọ́ dé, tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n bọ́ sínú adágún ìdánrawò, apá Ìbídùn ló máa ń rọ̀ mọ́, àfi bí ẹni pé òun ni ọkọ̀. Ní báyìí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ọmọ etíkun lọ, ṣùgbọ́n kò tíì jáwọ́ nínú kó máa sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀rù ń ba òun.

Lẹ́yìn wọn, àwọn ará Ọjà-Òkè ti ń gbé ẹrù gun àjà. Obìnrin kan tó pọn ọmọ dúró gbagidi láàrin ọ̀nà, ó nàka sí wọn.

"Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí! Kí lẹ̀ ń dúró dè? Ṣé ká kú tán kẹ́ ẹ tó tì í ni?"

"Ó ku ìpè kan, Ìyá," Ìbídùn dá a lóhùn. "Òfin ni."

"Ṣé òfin ló máa bá mi gbọ́n omi kúrò ní yàrá?"

Òfin ni lóòótọ́. Ìpè mẹ́ta ni. Bí ẹnì kan ṣoṣo bá dáhùn, ìlẹ̀kùn á dúró dè é. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, á tì. Wọ́n tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà sára ògiri gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà: ẸNI TÓ BÁ DÁKẸ́, TARA RẸ̀ Á BÁ A DÁKẸ́. Èèyàn á rò pé torí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe pa òwe náà láyé ọjọ́sí. Akínṣọ̀wọ́n, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ló máa ń fẹnu ara rẹ̀ kọ́ wọn ní òfin yìí. Òun náà ló fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn ní àárọ̀ yìí, tó kó gbogbo adóòlà tó ti gboyè lọ sí ìwọ̀ oòrùn, níbi tí ògiri òkun ti ya jù.

"Ìdánwò àṣekágbá yín rèé," ó ti sọ fún wọn kó tó lọ. "Ẹ ṣe ohun tí Agbóhùn bá wí. Òun ló ń pàṣẹ, òun náà ló ń fún yín ní máàkì. Lọ́la ẹ ó gba ìwé ẹ̀rí."

Bẹ́ẹ̀ ìwé ẹ̀rí yìí kì í ṣe ti Ìbídùn nìkan. Àyè kan ṣoṣo ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní nílé-ẹ̀kọ́ náà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ará Ọ̀nà-Ọkọ̀, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀, ti ń dúró de tiwọn, nígbà tó sì dé, òun ni wọ́n dìbò fún. Wọ́n gbé e lé èjìká yí àdúgbò ká lọ́jọ́ náà, ojú tì í débi tó fi fi ìborùn bojú. Bí wọ́n bá wá lé akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò, àyè àdúgbò rẹ̀ á dì pa. Ọmọ tí wọ́n ń pọ̀n lónìí á ti bímọ tirẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣí.

"Ojú Agbóhùn tó ń wo ooru ara ńkọ́?" ó bi Ọláìtán.

"Ooru wo? Láàárín ààrò ẹja yíyan? Gbogbo ibẹ̀ ló gbóná lójú ẹ̀. Etí nìkan ló kù fún un."

Ìbídùn na ọrùn wo ilé awọ̀n lọ́ọ̀ọ́kán, ilé onípáànù gígùn tí èéfín ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ aláwọ̀n máa ń pé sí láràárọ̀. Wọ́n á máa tún awọ̀n ṣe lórí àjà, ẹja á máa gbẹ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yà á sì máa lọ láàárín wọn.

"Omi ò tíì dé àjà yẹn," ó ní. "Wò ó. Èèyàn mọ́kànlá ò lè yadi lẹ́ẹ̀kan náà."

"Bóyá àjà ti wó. Bóyá wọ́n ti bá ọkọ̀ lọ."

"Ọkọ̀ wo? Gbogbo ọkọ̀ wọn rèé tí òkun gbá mọ́ ògiri."

Agbóhùn ga díẹ̀ sí i, ó bẹ̀rẹ̀.

"Ìpè kẹta. Orímisàn Jùlíánà, dáhùn."

Orúkọ náà la atẹ́gùn kọjá, kò sì sí èèyàn kankan nídìí ohùn tó pè é. Ìyẹn ló ta Ìbídùn jí. Ó rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́, tí ohùn kan ṣàdédé pe orúkọ rẹ̀ láti òkè àjà gbọ̀ngàn, tí kò sì rí ẹni tó pè é. Ó pa ẹnu mọ́ pinpin. Ohùn náà tún pè é, ó tún pa ẹnu mọ́, títí gbogbo kíláàsì fi bú sẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n fẹ́ kó ṣe? Ìyá rẹ̀ ti gbá a lẹ́nu rí ní kékeré, lọ́sàn-án gangan, torí pé ó jẹ́ ìpè tí ẹnì kankan nínú ilé ò pè. "Bó o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tó ò rí ẹni tó pè ọ́, panu mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹni tó ń pè ọ́ ò mọ̀ bóyá o wà ńbẹ̀. Ìwọ lo máa fẹnu ara rẹ sọ fún un."

Ó di Ọláìtán lápá mú. "Wọ́n wà ńbẹ̀! Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọn ò fẹ́ jẹ́ ni!"

"Omi ń bọ̀ lórí èèyàn, kó sì ní òun ò jẹ́?"

"Bí wọ́n bá pè ọ́ lórúkọ nílé yín, tó ò rí ẹni tó pè ọ́, ṣé wàá jẹ́?"

Ọláìtán fọwọ́ di etí ara rẹ̀ mú. "Màmá àgbà mi á fa etí mi já," ó ní. "Háà! Àmọ́ nínú gbogbo ìdánrawò wa, gbogbo ẹni tó há ló máa ń dáhùn."

"Torí a máa ń sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni! A máa ń kó wọn jọ, a máa fún wọn ní ọtí ẹlẹ́rìndòdò, a máa ní, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe bí ẹni há, bẹ́ ẹ bá gbọ́ orúkọ yín, ẹ pariwo. Ta ló wá sọ fún Màmá Orímisàn láàárọ̀ yìí?"

Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n inú ilé-ẹ̀kọ́ ńlá, gbogbo ẹ̀rọ àti adágún àti ilé àfarawé tó ń wó lulẹ̀ tó sì ń dìde fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tó rò ó wò pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà lè gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ kó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Ìpè kẹta parí," ni Agbóhùn wí. "Kò sí alààyè tó dáhùn. Ìlẹ̀kùn ń tì."

Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ìlẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bọ̀ láti apá òsì, díẹ̀díẹ̀, omi sì ń ru níwájú rẹ̀. Lára òpó, irin kan wà tó gùn tó ọmọ odó. Ìrókò ni wọ́n ń pe irin náà. Bí èèyàn bá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ìlẹ̀kùn á dúró, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì gbé ara kúrò. Adóòlà tó ti gboyè nìkan ló láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fọwọ́ kàn án, kó yáa máa di ẹrù rẹ̀ nílẹ̀.

Ìbídùn dúró. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ẹ̀rù bà á. Bí àwọn àgbà náà bá ti kú ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé òfìfo ilé ló ń dá ìlẹ̀kùn dúró fún, tí omi wá gba ibẹ̀ wọ Ọjà-Òkè, tó gbé ọmọ tó wà lẹ́yìn obìnrin yẹn lọ? Ta ni yóò dárí jì í? Òun gan-an ò ní lè dárí ji ara rẹ̀. Ó tún wo ilé awọ̀n, ó wo bí èéfín ṣe ń tín-ín-rín lọ. Ààrò ẹja ga ju ibi tí òkun dé lọ; ẹnì kan ló ń da omi pa iná rẹ̀ kí ilé má baà jó. Òkú kì í pa iná.

Ó fi àyà lé Ìrókò, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ké, ó dúró. Ẹ̀gbà-ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tó ti ń tàn yòò láti ọjọ́ tó wọlé, di pupa.

"Ìbídùn Ṣówándé, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní àṣẹ. Mú ọwọ́ kúrò. Mo ti fi ẹjọ́ rẹ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀."

"Fi ránṣẹ́ sí bàbá ńlá ẹ," ni Ìbídùn wí. Lẹ́yìn náà ló kígbe sí Ọláìtán: "Wá bá mi tẹ̀ ẹ́! Ọwọ́ tó kọ́kọ́ kàn án ni òfin mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ti di tèmi, ìwọ ṣáà máà jẹ́ kó gbéra!"

"Ìbídùn, ẹ̀rù ń bà mí o," ni Ọláìtán wí, ó sì ti gorí irin náà.

Ariwo sọ lẹ́yìn wọn. Àwọn ará Ọjà-Òkè ti rí i pé ìlẹ̀kùn dúró. "Ẹ tì í! Ẹ̀yin ọmọ wèrè yìí, ẹ tì í!" Ìbídùn ò bojú wẹ̀yìn. Ó so okùn mọ́ ìdí, ó gun afárá pákó tó léfòó lójú omi, ó ki eré mọ́lẹ̀.

Agbóhùn tẹ̀ lé e lókè. "Padà. Máàkì rẹ ti di òfo." Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹni tó ti wà nílẹ̀ kò bẹ̀rù ìṣubú mọ́.

Afárá ń jó lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbì kan gbé e, ó gbá a mọ́ ògiri, ó dìde, ó tún ń lọ. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé awọ̀n, omi ti mù ún dé ìbàdí. Ó fọwọ́ gbá páànù.

"Màmá Orímisàn o! Màmá Orímisàn!"

Kẹ́kẹ́ pa. Lókè orí rẹ̀, Agbóhùn náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Orímisàn Jùlíánà, dáhùn!" Ìbídùn gbọ́ tí nǹkan kan sún díẹ̀ lórí àjà, ó sì tún dákẹ́, àfi bí eku tó gbọ́ ìró ológbò. Nígbà náà ló yé e pé òun náà ti ń ṣe bí ẹ̀rọ. Ohùn lásán ni òun, níta, nínú ìjì, tó ń pe orúkọ olórúkọ.

Ó fò sókè, ó gbá Agbóhùn mú, ó sì ká a mọ́ inú ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni tó mú adìyẹ. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń jà fìtìfìtì mọ́ ọn nínú. Ó fi ọwọ́ kan dì í mú. Ó mí kanlẹ̀. Ohùn tó wá fi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ti adóòlà rárá. Ohùn ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ sí ilé àgbà ni.

"Àgò o! Àgò onílé o!"

Ìgbì kan gbá páànù. Ó dúró.

"Àgò yà o!" Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn lábẹ́ òrùlé.

Omijé bọ́ lójú Ìbídùn, kò sì mọ̀ ọ́n.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ìbídùn ni. Ọmọ Ṣówándé tó ń kan ọkọ̀ ní Ọ̀nà-Ọkọ̀."

"Ṣówándé wo? Èyí tó yarọ?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀gbọ́n wọn ló yarọ. Bàbá tèmi ni wọ́n ń pè ní Ṣówándé Aláràńbarà. Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú ewu. Ẹ kú ìrọ́jú." Ó ti kúnlẹ̀ kó tó rántí pé inú omi lòun wà. Omi dé àgbọ̀n rẹ̀. Kò dìde.

Ìwé páànù kan ṣí lókè. Ojú arúgbó kan yọ, ó wò ó láti orí dé ibi tí omi mù ún dé.

"Ọmọ èèyàn ni," ni Màmá Orímisàn sọ fún àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ó kúnlẹ̀. Iwin ò mọ ìkúnlẹ̀."

Lórí àjà, gbogbo ẹnu tó ti ń di ara wọn láti àárọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá Omitóògùn, tó ti fọwọ́ bo ẹnu aládùúgbò rẹ̀ débi tí ìka rẹ̀ fi wà lójú ẹni ẹlẹ́ni, gbá àtẹ́lẹwọ́. "Nǹkan kan ti ń pè wá láti ìdájí, ọmọ mi! Ó mọ orúkọ gbogbo wa. Ó mọ èyí tí wọ́n fi rì mí bọmi, tí ìyàwó mi gan-an ò mọ̀. Ta ló máa jẹ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé. Ìlẹ̀kùn ò ní pẹ́ tì."

"Kí ló dé tó ò tètè sọ?"

Ẹ wo àwọn àgbà yìí! Kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ohun tó kàn. Awọ̀n ńlá kan wà tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́, eléfòó ni létí kan dé èkejì. Wọ́n jù ú sójú omi, wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń ti apá bọ ojú awọ̀n, ó ń so ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ìbídùn so okùn ìdí rẹ̀ mọ́ orí awọ̀n, ó mú iwájú. Ìjì ń gbá wọn lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbá wọn lọ sósì, awọ̀n kò sì já. Ní àárín ọ̀nà, Màmá Orímisàn bú u létí: "Má fà á bẹ́ẹ̀ yẹn! Tẹ̀ lé ìgbì, má bá a jà!" Ìbídùn tẹ̀ lé ìgbì. Nínú gbogbo ọdún tó fi kọ́ṣẹ́, kò gba ẹ̀kọ́ tó wúlò tó bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan.

Lókè ọ̀hún, Ọláìtán ń pariwo. "Ilà o! Ìbídùn, omi ti fẹ́ dé ilà! Ẹ̀rù ń bà mí o!" Ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí Ìrókò. Àwọn ọkùnrin Ọjà-Òkè méjì ti dì í mú lẹ́yìn, wọ́n fẹ́ fà á kúrò.

Obìnrin tó pọn ọmọ ló kọ́kọ́ rí orí funfun àkọ́kọ́ tó yọ lójú omi. Ó dá igbe. "Èèyàn ni! Jésù! Èèyàn ni wọ́n, wọ́n pọ̀!" Ó tú ọmọ sílẹ̀, ó gbé e fún ẹni tó wà nítòsí, ó sì bọ́ sínú omi. Àwọn ọkùnrin tó ń fa Ọláìtán sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tó ń kígbe pé kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, àwọn kan náà ló dì mọ́ awọ̀n.

"Ẹ fà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà á! Ẹ ṣe díẹ̀díẹ̀ fún Màmá! Ẹ fà á!"

Wọ́n fa awọ̀n náà wọlé bí ẹni fa ẹja àgbàyanu. Wọ́n fa Màmá Orímisàn wọlé, wọ́n fa Màmá Ayélàágbé, wọ́n fa àwọn yòókù, tí ọ̀kan nínú wọn ṣì ń bi wọ́n léèrè ta ló máa san owó awọ̀n tí wọ́n fi ń wọ́lẹ̀ yìí. Bàbá Omitóògùn ló kẹ́yìn. Bó ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, Ọláìtán àtàwọn tó ń bá a tẹ irin gbé ara kúrò, òun ṣubú sẹ́yìn sínú omi, ìlẹ̀kùn sì wọ́ lọ gbàràgàdà, ó pàdé òpó, ó tì gbọn-in. Omi ò ju ìka kan lọ sí ilà.

Ẹ̀yìn náà ni ayọ̀ bẹ́. Àwọn èèyàn ń fò nínú omi tó mù wọ́n dé orúnkún, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra, wọ́n ń kí àwọn àgbà kú ewu. Ikú tí ì bá pani, bó bá ṣí ni ní fìlà, ká dúpẹ́ ni. Ti ọjọ́ yìí kò tilẹ̀ rí fìlà gbé. Ìbídùn jókòó sí ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn, ó tú ẹ̀wù rẹ̀, Agbóhùn sì jáde wìrìwìrì. Ó rọ̀ níwájú ojú rẹ̀. "Alààyè mọ́kànlá," ó ní. "Akẹ́kọ̀ọ́ rú òfin." Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí èéfín ààrò tó ti fà símú fi mú un wú ikọ́.

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kún dẹ́nu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí àga wọn. Àwọn àgbà aláwọ̀n jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ò kúrò níbẹ̀ àfi bí àwọn bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ àwọn já sí. Ìbídùn wà lórí àga tirẹ̀, ẹ̀gbà pupa lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ sì wà ní Ọ̀nà-Ọkọ̀. Kò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wo ojú àwọn tó gbé e léjìká?

Ọ̀gá Akínṣọ̀wọ́n dìde. Àgbà ọkùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, kò sì sí ẹni tó rí ẹ̀rín rẹ̀ rí.

"Ìgbìmọ̀ ti jókòó lórí ẹjọ́ yìí," ó ní. "Wọ́n ní a gba èèyàn mọ́kànlá là, wọ́n sì dúpẹ́. Wọ́n ní òfin kò kú. Àṣẹ wọn rèé: Ìbídùn Ṣówándé kò gbọdọ̀ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ nílé-ẹ̀kọ́ yìí mọ́ láéláé."

Gbọ̀ngàn mí kanlẹ̀. "Ó tì o!" ni Bàbá Omitóògùn ké lẹ́yìn. Ọláìtán fi ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé bo ojú. Ìbídùn dìde. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?" ni Ọ̀gá Akínṣọ̀wọ́n bi í.

"Ilé ni, sà."

"Ta ló ní kó o lọ sílé?"

"Wọ́n ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n ní. Èmi ni mo kà á. Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ jókòó. Ṣé o gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní o ò gbọdọ̀ dúró?" Ọ̀gá náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pèpéle. Ó rìn dé ìdí àga Ìbídùn, ó fọwọ́ nù ún, ó sì jókòó sórí rẹ̀, tòun ti irùngbọ̀n funfun rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn ní ìpè mẹ́ta. Mi ò bi ara mi rí pé ta ló máa jẹ́ ẹ. Wọn ò lé ọ, nítorí náà àyè Ọ̀nà-Ọkọ̀ ò dì. Olùkọ́ kì í sì í gba àyè akẹ́kọ̀ọ́. Kí àwọn ará àdúgbò rẹ mú ọmọ mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ó nàka síwájú, síbi tó ti kúrò. "Ibẹ̀ ṣófo. Kọ́ wa."

Ìbídùn rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ó wẹ̀yìn. Màmá Orímisàn ń juwọ́ sí i bí ẹni ń lé adìyẹ wọlé: lọ, lọ, lọ! Ọláìtán ti gun orí àga, ó ń pariwo bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà rí. Ìbídùn gun pèpéle. Ó yíjú sí wọn, gbogbo ojú wọ̀nyẹn, ayọ̀ sì kún inú rẹ̀ débi tí kò fi mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ó ní. "Ká tó kọ́ bí a ṣe ń yọ èèyàn nínú omi, a máa kọ́ bí a ṣe ń kí i."

Ọ̀gá Akínṣọ̀wọ́n ló kọ́kọ́ dìde.